Ìwé Ẹ̀bẹ̀ sí Ìgbìmọ̀ Ìjọba Ìbílẹ̀: Bí A Ti Í Kọ Ọ́ àti Bí A Ti Í Gbé E Lọ

Kò sí abúlé kan ní ilẹ̀ wa tí kò ní ìráhùn tirẹ̀. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ ọjà, nígbà tí àwọn àgbà bá jókòó sí abẹ́ igi odán, a óò gbọ́ pé afárá ti já, pé omi ti gba ojú ọ̀nà oko, pé ìdọ̀tí ti di òkìtì lẹ́yìn ìsọ̀ àwọn ẹlẹ́ran, pé ilé ìgbẹ̀bí kò ní oògùn. A óò sọ ọ́, a óò mi orí, a óò sì dìde lọ jẹ oúnjẹ alẹ́. Ní ọjọ́ ọjà mìíràn, ọ̀rọ̀ kan náà ni a óò tún sọ. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ tí a sọ lábẹ́ igi odán kì í rìn dé ilé ìgbìmọ̀. Ìwé ẹ̀bẹ̀ ni ẹsẹ̀ tí ó lè gbé e dé ibẹ̀, òun ni a sì fẹ́ bá yín sọ̀rọ̀ lé lórí.

Èmi tí mo ń kọ èyí ti ṣe akọ̀wé fún àwọn àgbẹ̀ abúlé kan fún ọdún púpọ̀. Mo ti kọ ìwé ẹ̀bẹ̀ tí kò já mọ́ nǹkan kan, mo sì ti kọ èyí tí a dáhùn. Èyí tí kò já mọ́ nǹkan ni n óò kọ́kọ́ sọ, nítorí ìtìjú rẹ̀ ni ó kọ́ mi ní ọgbọ́n.

Odò kan wà láàárín abúlé wa àti ọjà. Afárá onígi ni àwọn bàbá wa ṣe sí i. Ní ọdún kan, nínú oṣù kẹsàn-án, òjò rọ̀ fún ọjọ́ mẹ́ta, omi sì gbé afárá náà lọ. A pe ìpàdé ní gbọ̀ngàn ṣọ́ọ̀ṣì, a sì fi ẹnu kò pé kí á kọ ìwé. Èmi ni wọ́n fún ní kálàmù. Bí mo ti ń kọ ọ̀rọ̀ afárá, ẹnì kan wí pé, “Má ṣe gbàgbé iná mànàmáná.” Ẹlòmíràn ní kí n fi ọ̀rọ̀ orùlé ilé ẹ̀kọ́ sí i. Àgbàlagbà kan tẹnu mọ́ ọn pé kí á sọ bí a ti fi oyè ìdílé òun fún ẹni tí kò tọ́ sí. Bẹ́ẹ̀ ni ìwé náà ń gùn, títí ó fi di ojú ewé mẹ́sàn-án pẹ̀lú ẹ̀sùn mẹ́rìnlá. A bú káńsílọ̀ wa nínú rẹ̀ ní ọ̀nà méjì tàbí mẹ́ta. Gómìnà ni a kọ ọ́ sí, nítorí a rò pé ẹni tí ó ga jù ni yóò tètè gbọ́. Àwa ọkùnrin mẹ́ta tí a mọ ìwé ni a fọwọ́ sí i. A fi ránṣẹ́ láìtọ́jú ẹ̀dà kan.

A dúró. Kò sí èsì títí ọdún fi yí. Nígbà tí òjò ọdún kejì dé, aláboyún kan bẹ̀rẹ̀ sí rọbí lóru. Àwọn ọkùnrin gbé e lé èjìká láti là á kọjá nínú omi, ṣùgbọ́n omi náà le, wọ́n sì padà sí etí odò lẹ́ẹ̀mejì. Ilẹ̀ ti mọ́ kí wọ́n tó dé ilé ìgbẹ̀bí. Ìyá náà yè, ọmọ kò yè. Láti ọjọ́ náà ni n kò ti lè rẹ́rìn-ín sí ojú ewé mẹ́sàn-án yẹn mọ́, bí àwọn ẹlẹgbẹ́ mi tilẹ̀ ń fi í ṣe àwàdà.

Ẹni tí ó tọ́ wa sọ́nà jẹ́ akọ̀wé káńsù kan tí ó ti fẹ̀yìn tì, tí ó wá sí abúlé wa láti ra iṣu. A ròyìn fún un. Ìbéèrè àkọ́kọ́ tí ó bi wá ni pé, “Ta ni ó ni afárá náà?” Kò sí ẹni tí ó lè dá a lóhùn.

Ẹ jẹ́ kí á dúró díẹ̀ níbi ìbéèrè yìí, nítorí níbẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ìwé ẹ̀bẹ̀ ti ń ṣìnà. Ìjọba mẹ́ta ni ó wà lórí wa ní Nàìjíríà: ti àpapọ̀, ti ìpínlẹ̀, àti ti ìbílẹ̀. Ìjọba ìbílẹ̀ 774 ni Ìwé Òfin ọdún 1999 ka sílẹ̀, 137 nínú wọn sì wà ní ìpínlẹ̀ mẹ́fà ti gúúsù ìwọ̀-oòrùn: Èkó ní 20, Ògùn 20, Ọ̀yọ́ 33, Ọ̀ṣun 30, Oǹdó 18, Èkìtì 16. Ní Èkó, ìjọba ìpínlẹ̀ tún dá agbègbè ìdàgbàsókè 37 sílẹ̀ pẹ̀lú àwọn ogún náà, nítorí náà kí ẹni tí ń gbé ibẹ̀ kọ́kọ́ mọ èyí tí àdúgbò rẹ̀ wà nínú rẹ̀. Àfikún Kẹrin Ìwé Òfin náà ni ó sọ iṣẹ́ tí ó jẹ́ ti káńsù. Ọjà wà nínú rẹ̀, àti gáréèjì, ilé ìpẹran, itẹ́ òkú, ṣáláńgá ìlú, kíkó ìdọ̀tí, ojú ọ̀nà àdúgbò àti ọ̀nà oko tí kì í ṣe ti ìjọba ńlá, pẹ̀lú gọ́tà àti iná ojú títì. Ó tún ní ìpín pẹ̀lú ìpínlẹ̀ nínú ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, iṣẹ́ àgbẹ̀, àti ìtọ́jú ìlera. Ọlọ́pàá kì í ṣe tirẹ̀. Ilé ẹ̀kọ́ girama kì í ṣe tirẹ̀. Ọ̀nà ńlá tí ó so ìpínlẹ̀ kan mọ́ èkejì, ìjọba àpapọ̀ ni ó sábà máa ń ni ín. Bí ẹ bá kọ ìwé ọ̀nà ńlá sí káńsù, akọ̀wé ibẹ̀ yóò kà á, yóò sì fi í sínú fáìlì. Kò sí ohun tí ó lè ṣe sí i ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Afárá wa wà lórí ọ̀nà oko. Káńsù ni ó ni ín. A ti fi ọdún kan kọ ìwé sí ẹni tí kò ni ín.

Àwọn kan máa ń sọ fún mi pé káńsù kò ní owó, pé Gómìnà ni ó ń di gbogbo rẹ̀ mú. Òtítọ́ púpọ̀ wà nínú èyí fún ìgbà pípẹ́. Ṣùgbọ́n ní ọjọ́ 11 oṣù keje ọdún 2024, Ilé Ẹjọ́ Gíga Jùlọ dá ẹjọ́ pé owó tí ó tọ́ sí ìjọba ìbílẹ̀ láti inú àpò àpapọ̀ gbọ́dọ̀ dé ọwọ́ wọn tààrà, àti pé Gómìnà kò ní àṣẹ láti tú ìgbìmọ̀ tí ará ìlú dìbò yàn ká. Ìmúṣẹ ìdájọ́ náà kò yá bí ìdájọ́ fúnra rẹ̀. Síbẹ̀, alága tí ó bá wí fún yín pé “kò sí owó” yẹ kí ó lè fi ìwé ìṣirò hàn yín, bí a óò ti rí i níwájú.

Ẹlòmíràn a sì máa bi mí pé, “Ṣé ẹ̀tọ́ ẹni ni a tún ń fi ẹ̀bẹ̀ gbà?” Ìbéèrè náà dára. Owó káńsù kì í ṣe ti ẹni tí ó jókòó lórí àga, tiwa ni. Ṣùgbọ́n bí ọmọ bá tilẹ̀ mọ̀ pé ogún bàbá òun ni, ìdọ̀bálẹ̀ kò sọ ọ́ di ẹrú. Orúkọ tí àwọn bàbá wa fún ìwé náà ni ìwé ẹ̀bẹ̀, n kò sì rí ìdí tí a fi níláti yí i padà. Kí ohùn ìwé náà rọ̀, kí ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ sì le.

Bí ẹ bá ń rò pé ti àwọn ọ̀mọ̀wé nìkan ni èyí, ẹ gbọ́ ohun tí àwọn obìnrin ọjà ṣe ní Èkó. Ní ọdún 1940, ìjọba àwọn òyìnbó ṣe òfin pé kí obìnrin tí owó tí ń wọlé fún un lọ́dún bá ju £50 lọ máa san owó orí. Olórí àwọn obìnrin ọjà nígbà náà ni Àlímọ̀tù Pẹlẹ́wùrà, ẹni tí ń ta ẹja ní ọjà Ereko. Kò mọ̀ ọ́n kọ, kò sì mọ̀ ọ́n kà, bẹ́ẹ̀ náà ni púpọ̀ nínú àwọn tí ń tẹ̀lé e. Wọ́n wá ẹni tí ó bá wọn kọ ìwé ẹ̀bẹ̀, wọ́n sì tẹ ìka wọn sí i ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Nínú oṣù kejìlá ọdún náà, wọ́n kó ara wọn jọ, wọ́n fi ẹsẹ̀ wọn gbé e lọ sí iwájú ilé iṣẹ́ Kọmíṣọ́nnà. Kò pẹ́ lẹ́yìn náà tí ìjọba fi gbé ìwọ̀n owó náà sókè láti £50 sí £200, èyí tí ó yọ ọ̀pọ̀lọpọ̀ àwọn obìnrin kékeré kúrò nínú rẹ̀.

Ní Abẹ́òkúta, ìjà náà pẹ́ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Láti ọdún 1918 ni àwọn obìnrin Ẹ̀gbá ti ń san owó orí. Ẹgbẹ́ Àwọn Obìnrin Abẹ́òkúta, tí Fúnmiláyọ̀ Ransome-Kuti jẹ́ olórí rẹ̀, kọ ìwé ẹ̀bẹ̀ léraléra, wọ́n sì lọ jókòó ní iwájú ààfin ní ìparí ọdún 1947. Ohun tí mo fẹ́ kí ẹ kíyèsí nínú ìtàn yìí ju ariwo iwájú ààfin lọ ni pé wọ́n wá olùṣírò owó láti yẹ ìwé ìṣirò ìjọba ìbílẹ̀ náà wò. Wọn kò kàn wí pé a ń jẹ owó wa. Wọ́n lọ wo iye tí ó wọlé àti iye tí ó jáde. Ní ọdún 1949 Aláké Adémọ́lá Kejì fi oyè sílẹ̀ fún ìgbà kan, a sì dáwọ́ gbígba owó orí lọ́wọ́ àwọn obìnrin dúró.

Nísisìyí, ẹ jẹ́ kí á padà sí etí odò wa.

Akọ̀wé àgbà náà ní kí á tún ìwé kọ, ṣùgbọ́n kí á tó gbé kálàmù, kí á lọ wọn odò. A mú okùn lọ, a wọ̀n ọ́n: ẹsẹ̀ bàtà 15. Ó ní kí á ka àwọn ọmọ tí ń gba ibẹ̀ lọ sí ilé ẹ̀kọ́. Mo jókòó sí etí odò ní òwúrọ̀ ọjọ́ Ajé, mo ka 63. Ó ní kí á bi àwọn obìnrin léèrè iye tí ó ń ná wọn láti gba ọ̀nà yíyí ká gbé gàrí lọ sí ọjà. Àwọn obìnrin náà mọ̀ ọ́n dé orí náírà, kò sì sí ọkùnrin kan nínú wa tí ó ti bi wọ́n rí. Lẹ́yìn èyí ni ó sọ pé kí ìwé náà má ṣe ju ojú ewé kan lọ, kí ó sì jẹ́ ohun kan ṣoṣo ni a óò bẹ̀bẹ̀ fún. Ó wí pé, “Ẹni tí ó bá béèrè ohun mẹ́rìnlá, èyí tí ó rọrùn jù ni wọ́n óò ṣe fún un, tàbí kí wọ́n má ṣe ọ̀kankan.” Iná mànàmáná àti orùlé ilé ẹ̀kọ́ lè ní ìwé tiwọn ní ọjọ́ mìíràn. Ti oyè ìdílé, ó ní kí á gbé e lọ sí ààfin.

Báyìí ni ìwé kejì náà rí:

“Sí Alága Ìjọba Ìbílẹ̀ wa, nípasẹ̀ Akọ̀wé Káńsù.

Alàgbà,

Ẹ̀bẹ̀ fún afárá lórí odò tí ó wà láàárín abúlé wa àti ọjà.

Àwa tí a fi ọwọ́ sí ìwé yìí jẹ́ ará abúlé kan ní Wọ́ọ̀dù Karùn-ún. A ń fi ìrẹ̀lẹ̀ bẹ ìgbìmọ̀ pé kí ó ṣe afárá kọnkéré sí odò náà kí òjò ọdún tí ń bọ̀ tó dé.

Afárá onígi tí ó wà níbẹ̀ ti já ní oṣù kẹsàn-án ọdún tí ó kọjá. Odò náà fẹ̀ tó ẹsẹ̀ bàtà 15, omi rẹ̀ a sì máa dé àyà àgbàlagbà nígbà òjò. Ọmọ ilé ẹ̀kọ́ 63 ni ń la á kọjá lójoojúmọ́. Ní ọdún yìí, aláboyún kan kò lè kọjá lóru, ọmọ rẹ̀ sì kú. Ìyá náà ti tẹ ìka rẹ̀ sí ìwé yìí.

Àwa yóò pèsè iyanrìn àti òkúta, àwọn ọkùnrin abúlé yóò sì fi ọjọ́ 6 ṣe ọ̀wẹ̀ níbẹ̀ láìgba owó.

A bẹ̀ yín kí ẹ rán ẹlẹ́rọ káńsù wá wo ibẹ̀, kí ẹ sì fi èsì ránṣẹ́ sí wa nípasẹ̀ akọ̀wé wa, ẹni tí orúkọ àti àdírẹ́sì rẹ̀ wà nísàlẹ̀.”

Kò sí èébú kan nínú rẹ̀. A kò pe ẹnikẹ́ni ní olè. Bí ẹ bá rò pé ẹnì kan ti jí owó ìlú, ọ̀rọ̀ mìíràn nìyẹn, àjọ tí a dá sílẹ̀ ní ọdún 2000 láti gbógun ti ìwà ìbàjẹ́, èyí tí gbogbo ènìyàn mọ̀ sí ICPC, ni ẹ óò gbé e lọ bá. Ẹ má ṣe kọ ohun tí ẹ kò fi ojú rí sínú ìwé ẹ̀bẹ̀, nítorí ẹni tí a bà lórúkọ jẹ́ lè pe yín lẹ́jọ́. Ẹ má ṣe kọ ìwé tí kò ní orúkọ pẹ̀lú. Ìwé aláìlórúkọ dàbí ọmọ tí a gbé sí ẹnu ọ̀nà lóru: gbogbo ènìyàn ń wò ó, kò sí ẹni tí yóò gbé e.

Nípa ti fífi ọwọ́ sí i, ọjọ́ mẹ́rin ni ó gbà wá láti dé gbogbo ilé. Èdè Yorùbá ni a fi kà á sókè fún gbogbo ènìyàn kí ẹnikẹ́ni tó tẹ ìka, nítorí ẹni tí kò mọ ohun tí ó wà nínú ìwé lè sẹ́ ẹ ní ọjọ́ tí a bá bi í. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìka kọ̀ọ̀kan ni a kọ orúkọ olúwa rẹ̀ àti ilé rẹ̀ sí. Ní ìparí, a ní ọwọ́ 241. Ìyá tí ọmọ rẹ̀ kú ni ó kọ́kọ́ tẹ̀ ẹ́. N kò sọ fún un pé kí ó ṣe bẹ́ẹ̀; òun ni ó na ọwọ́ sí àwo táàdáwà náà. Nípa ti èdè, púpọ̀ nínú àkọsílẹ̀ káńsù jẹ́ ti èdè Gẹ̀ẹ́sì, nítorí náà a kọ ìwé náà ní Yorùbá, a sì mú kí olùkọ́ ilé ẹ̀kọ́ kọ ọ́ ní Gẹ̀ẹ́sì sí ẹ̀yìn rẹ̀.

A ṣe ẹ̀dà rẹ̀ márùn-ún: ọ̀kan fún alága, ọ̀kan fún káńsílọ̀ wọ́ọ̀dù wa, ọ̀kan fún olórí ẹ̀ka iṣẹ́ òde, ọ̀kan fún ọba ìlú, àti èyí tí ó ṣe pàtàkì jùlọ, ọ̀kan fún àpótí tiwa. Mo gbọ́ tí àwọn kan wí pé ó yẹ kí a fo káńsílọ̀ dá, pàápàá bí kò bá wúlò. Èmi kò gbà bẹ́ẹ̀. Ibò wọ́ọ̀dù wa ni ó gbé e dé ibẹ̀, òun ni ẹnu rẹ̀ sì lè sọ̀rọ̀ ní ọjọ́ ìpàdé ìgbìmọ̀ nígbà tí àwa kò sí níbẹ̀. Nígbà tí ó rí ìwé tí a kò ti bú u, tí ọwọ́ 241 sì wà nísàlẹ̀ rẹ̀, òun fúnra rẹ̀ ni ó bá wa wá ọjọ́ tí alága yóò wà nílé iṣẹ́.

Ènìyàn mẹ́fà ni a rán: ọkùnrin mẹ́ta, obìnrin mẹ́ta. Nígbà tí a dé ibi tí wọ́n ti ń gba ìwé, ọ̀dọ́mọkùnrin tí ó wà níbẹ̀ gba ìwé náà, ó sì fi í sí orí àwọn ìwé mìíràn. Ó ní kí á máa lọ. A sọ fún un pé a fẹ́ kí ó lu òǹtẹ̀ mọ́ ẹ̀dà tiwa, kí ó kọ ọjọ́ àti orúkọ rẹ̀ sí i. Ó ní òǹtẹ̀ kò sí nítòsí. A jókòó. Ìyá àgbà kan nínú wa tú ẹ̀kọ àti àkàrà, a sì ń jẹun. Ní agogo méjì ọ̀sán, òǹtẹ̀ náà jáde láti inú dúrọ́ọ̀ tí ó ti wà láti òwúrọ̀. Ẹ má ṣe kúrò níbẹ̀ láìgba òǹtẹ̀, ẹ má sì ṣe san kọ́bọ̀ kan fún un.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta kọjá, èsì kò dé. A padà lọ. Wọ́n ní àwọn kò rí irú ìwé bẹ́ẹ̀ rí. Mo fa ẹ̀dà wa yọ, mo gbé e lé orí tábìlì. Akọ̀wé náà wo òǹtẹ̀, ó wo ọjọ́, ó sì rí orúkọ ọ̀dọ́mọkùnrin náà. Ìwé tí ó ti sọnù di rírí láàárín ìṣẹ́jú mẹ́wàá.

Bí wọ́n bá tún dákẹ́ lẹ́yìn èyí, ọ̀nà méjì wà tí gbogbo àgbẹ̀ yẹ kí ó mọ̀. Èkíní ni Òfin Òmìnira láti Rí Ìròyìn Gbà, ti ọdún 2011. Ẹnikẹ́ni lè fi í béèrè ìwé tí ó wà ní ọwọ́ ilé iṣẹ́ ìjọba, fún àpẹẹrẹ iye owó tí káńsù yà sọ́tọ̀ fún ọ̀nà oko àti ibi tí ó ná an sí. Kò pọn dandan kí ó sọ ìdí tí ó fi ń béèrè. Ọjọ́ 7 ni òfin fún wọn láti dáhùn, wọ́n sì lè fi ọjọ́ 7 mìíràn kún un bí iṣẹ́ náà bá pọ̀. Owó ṣíṣe ẹ̀dà nìkan ni wọ́n lè gbà. Ẹni tí kò mọ̀wé lè rán ẹlòmíràn, tàbí kí ó fi ẹnu béèrè, òṣìṣẹ́ tí ó gbọ́ ọ ni òfin sì pa á láṣẹ fún láti kọ ọ́ sílẹ̀, kí ó sì fún un ní ẹ̀dà. Àwọn ìpínlẹ̀ kan ti ń jiyàn tẹ́lẹ̀ pé òfin náà kò kàn wọ́n. Ilé Ẹjọ́ Gíga Jùlọ parí iyàn náà nínú oṣù kẹrin ọdún 2025, ó ní ó kan gbogbo ìjọba títí dé ti ìbílẹ̀.

Èkejì ni Àjọ tí ń gbọ́ ẹ̀sùn ará ìlú, tí a dá sílẹ̀ ní ọdún 1975, tí a ń pè ní Public Complaints Commission. Ó ní ilé iṣẹ́ ní àwọn olú ìlú ìpínlẹ̀ wa. Kì í gba owó. Kí ẹ̀sùn náà má ṣe ju oṣù 12 lọ, kí ó má sì jẹ́ ohun tí ó ti wà níwájú adájọ́. Kò lè fi agbára mú káńsù ṣe afárá, ṣùgbọ́n ó lè kọ̀wé béèrè ìdí tí a kò fi dá yín lóhùn, káńsù kì í sì fẹ́ràn irú ìwé bẹ́ẹ̀.

Nípa ti àkókò, ọdún ìṣirò káńsù a máa bẹ̀rẹ̀ ní oṣù kìíní, a sì máa parí ní oṣù kejìlá. Ní oṣù mẹ́ta tí ó kẹ́yìn ọdún ni wọ́n ń ṣe ètò owó ọdún tuntun. Nítorí náà, ìwé tí ó bá dé ní oṣù keje tàbí oṣù kẹjọ, nígbà tí a ti kó àgbàdo àkọ́kọ́ tán tí ọwọ́ sì dilẹ̀ díẹ̀, bọ́ sí àkókò. Èyí tí ó bá dé ní oṣù kejì, lẹ́yìn tí wọ́n ti pín owó tán, níláti dúró de ọdún mìíràn, àfi bí ewu náà bá pọ̀ jù.

Ẹlẹ́rọ káńsù dé sí odò wa ní ọjọ́ kan láìròtẹ́lẹ̀. Ó wọn odò náà pẹ̀lú okùn tirẹ̀, ó sì rí i pé ẹsẹ̀ bàtà 15 ni lóòótọ́. Ó yí padà wò mí, ó ní, “Ẹ̀yin ni ẹ kọ́kọ́ kọ òtítọ́ ránṣẹ́ sí mi ní ọdún yìí.” Nínú oṣù kejì ọdún tí ó tẹ̀lé e ni wọ́n gbé òrùka kọnkéré ńláńlá mẹ́ta wá. Àwọn ọkùnrin wa kó iyanrìn, àwọn obìnrin kó òkúta, ọ̀wẹ̀ ọjọ́ 6 sì di ọjọ́ 9 nítorí àpáta tí a bá nísàlẹ̀. Òjò àkọ́kọ́ bá afárá náà ní ìdúró.

Ní ọdún tí ó kọjá, ọ̀kan nínú òrùka mẹ́ta náà sán. A ti wọn ibi tí ó sán: ẹsẹ̀ bàtà 2 àti ààbọ̀. Ìwé rẹ̀ ti wà ní káńsù láti ọjọ́ 11 sẹ́yìn, ẹ̀dà tiwa tí a lu òǹtẹ̀ sí wà nínú àpótí lábẹ́ ibùsùn mi, a ó sì padà lọ ní ọjọ́ Ajé tí ń bọ̀.